Kí ọwọ́ yín tó kan kàbúrẹ́tọ̀: bí a ṣe ń wá ìdí tí sìlóò Ìjàpá fi ń gbọ̀n

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan ni, lábẹ́ afárá Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn. Mọ́tò tó wà níwájú mi kò sún, èyí tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè, èmi àti Volkswagen Ìjàpá mi sì jọ ń gbọ̀n. Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré, ẹ́ńjìnnì á wálẹ̀, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, á tún gbéra fúnra rẹ̀, á wálẹ̀ padà, á sì kú. Onímáíkírà kan yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Bàbá, ẹ fún un ní paracetamol!" Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Mẹkáníìkì mẹ́ta ti wo ọkọ̀ yẹn láàárín oṣù kan.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló yí sìkúrúù kàbúrẹ́tọ̀, ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn. Ẹni àkọ́kọ́ yí i sókè, ẹnì kejì yí i padà, ẹnì kẹta ní kàbúrẹ́tọ̀ ti kú, ó sì ta tókúnbọ̀ mìíràn fún mi. Nígbà tí a wá rí àrùn náà, rọ́bà mánífóòdù (páìpù tó ń gbé atẹ́gùn àti epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì) kan ló ya lábẹ́ kílíìpù rẹ̀, níbi tí ojú kì í dé. Owó rọ́bà yẹn kò tó owó epo tí mo fi ń wá ìwòsàn kiri ìlú.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: kàbúrẹ́tọ̀ ló ń gbẹ̀yìn. Ẹ wo tàpẹ́ẹ̀tì (àlàfo tó wà lẹ́nu fáàfù, ìlẹ̀kùn atẹ́gùn àti èéfín), ẹ wo kọ́ńtáàtì (irin kékeré tó ń ṣí tó ń pa dé nínú dísítíríbútọ̀, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì), ẹ wo táímìn (àkókò tí iná ń ta), ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé lọ́nà àìtọ́, kí ẹ tó mú sìkúrúù-dúráfà sún mọ́ kàbúrẹ́tọ̀. Ẹni tó bá fi sìkúrúù gbé sìlóò tó ń ṣàìsàn sókè kàn fi aṣọ bo egbò ni. Lọ́la, á rùn.

Sìlóò ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pè é, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́tù. Ti Ìjàpá wà ní nǹkan bí ìyípo 850 ní ìṣẹ́jú kan. Ní àkókò yẹn, atẹ́gùn àti epo tí ẹ́ńjìnnì ń mu kéré gan-an, ìdí nìyẹn tí àbùkù kékeré fi ń hàn. Bí ẹ bá da ife omi kan sínú àgbá ẹ̀kọ, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ẹ dà á sínú ife ẹ̀kọ kan, ẹ̀kọ bàjẹ́. Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n ní Mọ́kọ́lá lè máa sáré bí ọfà lọ́nà Èkó, awakọ̀ á sì rò pé ẹ́ńjìnnì òun kò lárùn. Ó lárùn. Eré ló bò ó.

Ohun èlò tí ẹ nílò kò pọ̀: fílà géèjì (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo), sípánà 13 àti ti 30 fún púlì ìsàlẹ̀, sìkúrúù-dúráfà méjì, sípánà púlọ́ọ̀gì, gílóòbù 12 fólítì kan tí ẹ so wáyà méjì mọ́, ike ìfọ́nmi irú èyí tí àwọn onídìrí fi ń fọ́n omi sórí oníbàárà, àti ìwé kékeré pẹ̀lú bírò. Ẹ má fojú kéré ìwé yẹn. Nǹkan kan ṣoṣo ni ká máa yí lẹ́ẹ̀kan, ká kọ ọ́ sílẹ̀, ká gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, kí a tó yí òmíràn. Bí ẹ bá yí mẹ́ta pọ̀ tí ọkọ̀ sàn, ẹ kò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Bí ó bá sì burú sí i, ẹ ti ṣìnà.

Mo tún bẹ̀ yín, ẹ wo họ́ọ̀sì epo kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Iná ló ń pa Ìjàpá púpọ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí. Họ́ọ̀sì tó ti gbẹ, tó ti ń ya lára, ń kán epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Bí fílítà epo bá wà nínú ilé ẹ́ńjìnnì, tó rọ̀ sókè dísítíríbútọ̀ tó ń ta pàrà, ẹ gbé e lọ sábẹ́ táǹkì níwájú. Kí ẹ̀rọ panápaná wà nítòsí, kí ẹni tó ń mu sìgá sì dúró lójú títì.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ

Ẹ wa ọkọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná. Èmi máa ń wa tèmi láti Òkè-Àdó dé Challenge, kí n padà. Ẹ páàkì sí ibi tó tẹ́jú, ẹ fa búréèkì ọwọ́, ẹ yọ jíà, ẹ pa iná àti fáànù, kí ẹ sì dúró sẹ́yìn ọkọ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan kan fún ìṣẹ́jú méjì.

Ìgbọ̀nrìrì kì í ṣe oríṣi kan. Bí ohùn bá ń lọ ní ìlù kan náà, tó ń fo ìkan sílẹ̀ ní àkókò kan náà ní gbogbo ìgbà, pọ́ pọ́ pọ́ … pọ́ pọ́ pọ́ …, sílíńdà kan ni kò ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń mí hẹlẹ, ẹ fura sí afẹ́fẹ́ tó ń jò wọlé tàbí jẹ́ẹ̀tì sìlóò (ihò kékeré tí epo sìlóò ń gbà nínú kàbúrẹ́tọ̀) tó dí. Bí ó bá ń ṣe wọ̀ọ̀wọ̀ láìní ìlù, tó dára lójijì tó sì bàjẹ́ lójijì, ẹ wo iná: kọ́ńtáàtì, kọ́ndẹ́ńsà (agolo kékeré tó ń gba kọ́ńtáàtì lọ́wọ́ jíjó), ọ̀pá dísítíríbútọ̀ tó ti jẹ. Èyí tó dára lówùúrọ̀ tó wá ń bàjẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná, tàpẹ́ẹ̀tì tó há ni mo máa ń kọ́kọ́ rò, lẹ́yìn rẹ̀ ṣóòkì (ìlẹ̀kùn tó ń dín atẹ́gùn kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù) tí kò ṣí tán.

Ẹ ya ewé ìwé ìròyìn kan, ẹ gbé e sí ẹnu páìpù sáléńsà, bí ìka mẹ́ta sí i. Ó yẹ kí èéfín máa tì í síta lọ́gbọọgba. Bí ó bá ń fà á padà wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí fáàfù èéfín kan má máa pa dé. Ìjàpá ní páìpù méjì, ẹ dán méjèèjì wò.

Wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan

Bí ohùn bá fi hàn pé sílíńdà kan ń sùn, ẹ wá èyí tó jẹ́. Ẹ dúró sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ kọjú sí ẹ́ńjìnnì. Lápá ọ̀tún yín, sílíńdà 1 ló wà níwájú, níhà ìjókòó, 2 sì wà níhà ọ̀dọ̀ yín. Lápá òsì, 3 wà níwájú, 4 níhà ọ̀dọ̀ yín. Bí iná ṣe ń tò ni 1, 4, 3, 2, bí róótọ̀, apá tó ń yí nínú dísítíríbútọ̀, ṣe ń yí bí ọwọ́ aago. Ẹ yẹ èyí wò kí ẹ tó lọ síwájú. Mo ti rí ọkọ̀ kan ní Bódìjà tí wọ́n ti fi wáyà 2 àti 4 pààrọ̀ ara wọn, tí olúwa rẹ̀ ń bẹ̀rù pé ẹ́ńjìnnì ti kú.

Ẹ mú ohun ìpáṣọ onígi méjì tí àwọn ìyàwó ilé fi ń sá aṣọ, èyí tó gbẹ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì ń sìlóò, ẹ fi di wáyà 1 mú, ẹ fà á kúrò lórí dísítíríbútọ̀ díẹ̀, ẹ gbọ́. Ó yẹ kí ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, kí ó gbọ̀n sí i. Ẹ dá a padà. Ẹ ṣe 2, ẹ ṣe 3, ẹ ṣe 4. Èyí tí ẹ yọ tí ohùn kò yí padà, òun ni ọ̀lẹ. Iná tó wà nínú wáyà yẹn kì í ṣe eré, ó lè ju ọwọ́ èèyàn dànù, nítorí náà ẹ má fi ìka lásán ṣe é, ẹni tó bá ní àìsàn ọkàn kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ tò wọ́n sórí pákó ní ìtẹ̀léra. Mo fẹ́ràn ibi yìí, nítorí púlọ́ọ̀gì kì í purọ́. Àwọ̀ bí erùpẹ̀ amọ̀ gbígbẹ dára. Dúdú tó gbẹ, tó ń yí ọwọ́ bí ẹ̀ẹ́dú, epo ń pọ̀ jù. Funfun bí ẹfun, atẹ́gùn ń pọ̀ jù. Dúdú tó tutù tó ń dán, òróró ń gbà á. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe pín. Bí 1 àti 2 bá funfun, tí 3 àti 4 sì ní àwọ̀ amọ̀, kàbúrẹ́tọ̀ kò lè ṣe ẹ̀gbẹ́ kan kó fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀. Ẹnì kan ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dúdú, epo tàbí ṣóòkì ni. Bí ìkan ṣoṣo bá yàtọ̀, púlọ́ọ̀gì náà, wáyà rẹ̀, tàbí fáàfù rẹ̀. Ẹ gbé púlọ́ọ̀gì tó dára wá sí ipò rẹ̀, kí ẹ gbọ́. Bí àìsàn bá bá púlọ́ọ̀gì lọ, ẹ ti rí i lówó pọ́ọ́kú.

Tàpẹ́ẹ̀tì, ní àárọ̀ kùtùkùtù

Iṣẹ́ yìí kò ṣe é ṣe nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Ọkọ̀ gbọdọ̀ sun mọ́jú, kí ẹ sì ṣe é kí oòrùn tó gun orí Òkè Màpó. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lè ṣe tàpẹ́ẹ̀tì Ìjàpá lọ́sàn-án gangan nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ rìn kúrò níwájú rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣí dísítíríbútọ̀, ẹ fi sípánà 30 yí púlì ìsàlẹ̀ títí róótọ̀ á fi kọjú sí àmì kékeré tó wà létí àwo dísítíríbútọ̀, tí àmì púlì sì bá ojú ìlà tí ẹ́ńjìnnì fi pín sí méjì mu. Sílíńdà 1 ló wà lókè nísinsìnyí. Ẹ fi sìkúrúù-dúráfà ti wáyà tó di ìdérí fáàfù mú sísàlẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ gbé páànù sábẹ́ rẹ̀ nítorí òróró tí yóò kán. Àlàfo fáàfù méjèèjì, ti èéfín àti ti atẹ́gùn, mìlímítà 0.15 ni. Fílà géèjì yóò wọlé, yóò sì máa fà ọ́ lọ́wọ́ díẹ̀ bí ẹ bá ń fà á jáde, bí ọ̀bẹ tí ẹ ń fà jáde nínú iṣu tó sè dáadáa. Kò gbọdọ̀ yọ bí ó ti wù ú, kò sì gbọdọ̀ há.

Lẹ́yìn 1, ẹ yí púlì ní ìdajì ìyípo, ní òdìkejì ọwọ́ aago, 2 ni yóò dé. Ìdajì sí i, 3. Ìdajì sí i, 4. Ojú ìlà kò ní láti bára mu bí ẹni pé ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n, nítorí àlàfo náà ṣí sílẹ̀ fún àkókò tó gùn.

Ìdí tí èyí fi kan sìlóò ni pé irin máa ń wú bí ó bá gbóná. Tàpẹ́ẹ̀tì tó há jù kò ní jẹ́ kí fáàfù pa dé tán nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, agbára ìfúnpọ̀ á dín, sílíńdà á máa ṣe bí ẹni pé òun kò lè gba iná. Iwọ̀n tí ẹ bá bá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó tún un ṣe, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré yẹn. Bí fáàfù èéfín kan bá ń há sí i ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wò ó, pàápàá ti sílíńdà 3, ẹ má yọ̀ pé ẹ ń tún un ṣe, ó ń nà ni, ó sì lè já bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Nínú Ìjàpá àtijọ́, ẹ̀rọ ìtutù òróró jókòó sójú ọ̀nà atẹ́gùn sílíńdà 3, ó sì máa ń gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ìgbà tí wọ́n gbé e sẹ́yìn fáànù ni ó tún yí padà.

Kí ẹ tó dé ìdérí padà, ẹ pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan ní Géètì, níbi tí a ti ń ra ẹ̀yà ọkọ̀.

Kọ́ńtáàtì àti táímìn

Tàpẹ́ẹ̀tì ló ń ṣáájú, kọ́ńtáàtì tẹ̀lé e, táímìn tẹ̀lé kọ́ńtáàtì, nítorí bí ẹ bá yí àlàfo kọ́ńtáàtì, táímìn á yí pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá yí i padà ni iṣẹ́ lásán ti ń ṣẹlẹ̀.

Ẹ ṣí ìdérí dísítíríbútọ̀, ẹ yí púlì kí gìgísẹ̀ kọ́ńtáàtì gun orí ìkọ́ ọ̀pá pátápátá, kí àlàfo rẹ̀ sì tóbi jù lọ. Mìlímítà 0.4 ni. Bí ojú rẹ̀ bá ti jó, tí ìkan dìde bí òkè tí ìkejì sì gbẹ́ bí kòtò, ẹ má fi sáńpépà ha á, ẹ ra tuntun, kí ẹ sì ra kọ́ndẹ́ńsà pẹ̀lú, nítorí kọ́ndẹ́ńsà tó ti bàjẹ́ ló ń jó kọ́ńtáàtì kíákíá.

Ẹ wá mú róótọ̀ gbá, ẹ ti ọ̀pá rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì. Bí ó bá ń mì, ẹ ti rí ìdí tí sìlóò fi ń ṣe wọ̀ọ̀wọ̀: àlàfo tí ẹ fi ọwọ́ ara yín fi 0.4 sí ń yàtọ̀ fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè ṣe àtúnṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní dúró. Ọ̀pá yẹn nílò búùṣì tuntun tàbí dísítíríbútọ̀ mìíràn. Èmi pẹ̀lú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ léètì ti ṣe é, ó pẹ́.

Ní ti táímìn, gílóòbù yẹn tó. Ẹ so wáyà rẹ̀ kan mọ́ ibi tí wáyà dísítíríbútọ̀ wọ kọ́ìlì (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di ńlá), ìkejì mọ́ ara irin. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ máa yí púlì jẹ́jẹ́ bí ọwọ́ aago. Ìgbà tí gílóòbù bá tan, ìgbà náà ni kọ́ńtáàtì ṣí, ìgbà náà ni iná ta. Ó yẹ kí àmì púlì wà ní ipò rẹ̀ nígbà yẹn. Bí kò bá wà níbẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì ìdè dísítíríbútọ̀ díẹ̀, ẹ yí i. Ipò yẹn yàtọ̀ láti dísítíríbútọ̀ kan sí òmíràn, ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀. Ti 009, èyí tó wọ́pọ̀ nílùú wa nítorí pé kò ní ẹnu họ́ọ̀sì, dígírì 7.5 kí písítìn tó dé òkè ni. Ẹ má gbé ti ẹlòmíràn sórí tiyín.

Ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé

Ibí ni ọkọ̀ tèmi ti ṣe mí. Ibí náà ni mo ti ń rí i pé àwọn ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi ń ṣe wọn. Atẹ́gùn tí kò gba kàbúrẹ́tọ̀ kọjá kò bá epo pàdé, sílíńdà á máa gba atẹ́gùn lásán, ebi á pa á. Ní Ìbàdàn, ọyẹ́ tó máa ń gbẹ ètè wa náà ló ń gbẹ rọ́bà. Bí ó bá di oṣù Kejì, rọ́bà tó dára ní oṣù Kẹwàá ti le bí àgbọn gbígbẹ.

Omi ni mo fi ń wá a. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fọ́n epo pẹtiróòlù tàbí ohun ìfọ́nmọ́ kàbúrẹ́tọ̀, kí wọ́n máa gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iná dísítíríbútọ̀ kò jìnnà, epo sì lè gbiná. Omi pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀ nínú ike onídìrí ń ṣe é láìsí ẹ̀rù: omi á dí ihò fún ìṣẹ́jú àáyá, ohùn á yí padà, ẹ ti mú un. Ẹ fi ọ̀rá bo dísítíríbútọ̀ àti kọ́ìlì.

Ẹ́ńjìnnì gbóná, ó ń sìlóò. Ẹ fọ́n omi sí rọ́bà mánífóòdù ọ̀tún, ẹ kà títí dé márùn-ún, ẹ gbọ́. Ẹ fọ́n sí ti òsì, ẹ kà. Ẹ fọ́n sí ojú ibi tí mánífóòdù bá orí sílíńdà, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fọ́n sí ìdí kàbúrẹ́tọ̀, níbi gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ẹ fọ́n sí ẹnu ọ̀pá tọ́tù, ní ibi tó ti wọ inú kàbúrẹ́tọ̀ lápá kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ohùn bá ti yí padà, ẹ fọ́n ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ rí i dájú.

Lórí ọkọ̀ tèmi, rọ́bà ọ̀tún ló jẹ́wọ́. Bí mo ṣe fọ́n omi, ẹ́ńjìnnì ṣe bí ẹni tó mí sínú, ohùn rẹ̀ le, ó sì dúró sójú kan. Ó tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, omi gbẹ, ìgbọ̀nrìrì padà. Mo fọ́n ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún dúró. Mo tú kílíìpù, mo fa rọ́bà náà jáde. Lókè, ó mọ́ bí tuntun. Mo fi ìka méjì ká a, mo sì yí apá ìsàlẹ̀ wá sójú, ó ya ní gígùn bí èékánná, nínú ojú ibi tí kílíìpù ti ń fún un. Ẹni tó bá wo ọkọ̀ láti òkè, kò lè rí i láé. Kì í ṣe àìmọ̀ mẹkáníìkì mẹ́ta yẹn nìkan ló kó bá mi. Wọn kò fún ara wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Rọ́bà ni ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Ní Géètì, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó. Mo ti rí tuntun tó le ju ti àtijọ́. Ìjàpá pọ̀ láyé, ó lé ní mílíọ̀nù 21 tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó dá a dúró ní Mẹ́síkò ní 2003, ẹ̀yà rẹ̀ kì í sì í wọ́n. Ìjàpá tí wọ́n tò ní Èkó láti 1975 náà ń rí rọ́bà rẹ̀ rà. Kí ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi sílíkóónù dí ojú ìyà náà fún yín, epo á yọ́ ọ.

Bí ọ̀pá tọ́tù bá ń jẹ́wọ́, kílíìpù kò lè wò ó. Iṣẹ́ búùṣì ni, tàbí kàbúrẹ́tọ̀ tí ọ̀pá rẹ̀ kò mì. Ìgbà kan ṣoṣo nìyí tí mo gbà pé kí ẹ ra kàbúrẹ́tọ̀.

Bí dísítíríbútọ̀ yín bá ní họ́ọ̀sì kékeré tó wọ kàbúrẹ́tọ̀, ẹ yọ ẹnu rẹ̀ níhà kàbúrẹ́tọ̀, ẹ fi ẹnu yín fà á, kí ẹ sì fi ahọ́n dí i. Ó yẹ kí ó di ahọ́n yín mú. Bí kò bá dì í mú, awọ inú rẹ̀ ti ya.

Ẹ fọwọ́ kan mánífóòdù lábẹ́ kàbúrẹ́tọ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó bá ń làágùn bí ìgò omi dídì, tí ó sì tutù, páìpù tó ń gbé ooru èéfín wá síbẹ̀ ti dí. Ní àárọ̀ òjò ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Tèmi, mo fi wáyà búréèkì kẹ̀kẹ́ gbá a jáde, ó gbà mí ní ọjọ́ kan gbáko, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀yin oní-Pijó 504, ìlànà yìí kan yín náà, ṣùgbọ́n iná tiyín ń lọ ní 1, 3, 4, 2, ibi tí afẹ́fẹ́ sì máa ń gbà jò jù ni họ́ọ̀sì ńlá tó lọ sí ẹ̀rọ ìrànlọ́wọ́ búréèkì. Ẹ fún un pa, kí ẹ gbọ́.

Epo, kí a tó dé ilé rẹ̀

Ẹ tú họ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu kàbúrẹ́tọ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ jẹ́ kí epo díẹ̀ ṣàn sínú ìgò tó mọ́ gaara. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí. Epo tí wọ́n rà nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà lásìkò òjò máa ń fi ojúlówó ara rẹ̀ hàn níbẹ̀: omi á dúró sísàlẹ̀ bí gíláàsì kékeré. Bí ó bá ní omi, ẹ fọ táǹkì.

Nísinsìnyí, kàbúrẹ́tọ̀

Bí gbogbo èyí bá ti dára, ẹ lè sún mọ́ ọn. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láìdá ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ kàbúrẹ́tọ̀ Ìjàpá ní fáàfù oníná kékeré kan tó ń ti epo sìlóò pa bí a bá pa ọkọ̀. Ẹ yọ wáyà rẹ̀, ẹ fi kàn án padà, ó yẹ kí ẹ gbọ́ "tìkì". Bí kò dún, ẹ̀rọ yẹn ti kú, sìlóò kò sì lè dúró láé, bí ó ti wù kí ẹ yí sìkúrúù tó.

Jẹ́ẹ̀tì sìlóò kéré, ìdọ̀tí tó tó ẹyọ yánrìn kan lè dí i. Ẹ tú u, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́ọ̀kánáísà, ẹ ní kí ó fi atẹ́gùn fún yín. Ẹ má fi wáyà gún un, bàbà rọ̀, ihò rẹ̀ á fẹ̀, epo á máa pọ̀ jù títí ayé. Bí ó bá kọ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú tínà fún òru kan, kí ẹ tún lọ.

Ẹ rí i dájú pé ṣóòkì ṣí tán nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Sìkúrúù tó wà lórí apá tọ́tù, tó ń tẹ àkàsọ̀ ṣóòkì, kì í ṣe ti sìlóò lórí kàbúrẹ́tọ̀ 34 PICT-3. Ẹ tú u títí yóò fi jìnnà sí àkàsọ̀ ìsàlẹ̀, ẹ yí i wọlé títí yóò fi kàn án, ẹ fi ìdámẹ́rin ìyípo kún un. Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ibí gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣì wá lọ́nà: wọ́n á yí i kí sìlóò gòkè, tọ́tù á ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ọ̀nà epo sìlóò á sì bàjẹ́.

Ní ẹ̀gbẹ́ òsì kàbúrẹ́tọ̀ náà, sìkúrúù méjì wà, ńlá àti kékeré. Ńlá ló ń ṣe eré, kékeré ló ń ṣe ìpòpọ̀ epo. Ẹ yí kékeré wọlé títí yóò fi kàn, jẹ́jẹ́, kí ẹnu rẹ̀ má baà jẹ, ẹ tú u jáde ìyípo 2 àti ààbọ̀. Ẹ dá ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kí ó gbóná dáadáa. Ẹ fi ńlá gbé e sí 850. Bí ẹ kò ní mítà, ríwáyà adúgbò yín lè ní èyí tó ń ka ìyípo. Ẹ wá máa tú kékeré jáde díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi yára jù lọ, ẹ yí i padà wọlé títí yóò fi lọ sílẹ̀ bíi 20 sí 30, ẹ sì fi ńlá dá a padà sí 850. Bí kékeré bá ń yí láìsí pé ohùn yí padà rárá, ẹ padà sí rọ́bà àti sí jẹ́ẹ̀tì, ohun kan ti bọ́ lọ́wọ́ yín.

Bí sílíńdà kan bá ṣì sùn lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ yá mítà ìfúnpọ̀. Iye tó bá jáde kò ṣe pàtàkì tó bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe jìnnà síra wọn. Àwọn kan á ní kí ẹ da ṣíbí òróró kan sínú èyí tó kéré, kí ẹ tún un wọ̀n, bí ó bá gòkè, ríǹgì ló jẹ. Lórí ẹ́ńjìnnì tó dúró gbọọrọ, ó dára. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá dùbúlẹ̀ ni, òróró á ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, ríǹgì apá òkè kò ní rí i, nítorí náà ẹ má fi ìyẹn nìkan pinnu láti tú ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́ tí mo parí tèmi, mo kọ 850 sínú ìwé, mo wa ọkọ̀ gba Bẹẹrẹ gun Màpó, mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì lọ dúró nínú sún-kẹẹrẹ Mọ́kọ́lá ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ilẹ̀ ọkọ̀.